Okùn Ajá Tí Wọ́n Tú Nínú Igbó Ìjọba

Ẹ má fi ìka ti ìtàn yìí kọjá lórí fóònù yín. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ṣọwọ́ sí ẹlòmíràn.

Aránṣọ kan ní ọkọ tí kò ríran. Ọkọ náà ń dá lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Àbúrò aránṣọ yìí, ọmọ ìyá rẹ̀, ló fòpin sí i.

1. Ọkọ ń tún dùùrù ṣe láti ilé dé ilé. Ajá kan tí wọ́n kọ́ dáadáa, Atọ́nà, ló ń mú un rìn. Bí Atọ́nà bá ti wọ ìjánu, okùn àyà tí ọkọ máa ń dì mú, kì í gbó, kì í ṣeré. Bí kòtò bá wà níwájú, á dúró gbọn-in. Aránṣọ a máa fi ọkọ ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ni ìyálé lóòótọ́, àmọ́ ìyàwó kékeré ni bàbá ń mú jáde.

2. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, àbúrò yìí, onígbàjámọ̀ ni, ní kí tọkọtaya náà àti Atọ́nà bá òun lọ gba afẹ́fẹ́ nínú igbó ìjọba. Ó mú ajá tirẹ̀ dání, ajá ràgàjì tó ń pè ní Kìnnìún. Pátákó wà lẹ́nu ọ̀nà pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tú okùn ajá. Ẹ̀ṣọ́ tún fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Onígbàjámọ̀ ní òun ti gbọ́, sà. Bí wọ́n ṣe yà ní kọ̀rọ̀ báyìí, ó tú okùn, ó ká a sápò.

Aránṣọ ní kó so ó padà. Àbúrò rẹ́rìn-ín, ó ní Kìnnìún gbọ́ràn ju ọmọ aládùúgbò àwọn lọ. Aránṣọ tún un sọ, àbúrò ti ṣíwájú.

3. Ẹyẹ ni Kìnnìún kọ́kọ́ lé. Nígbà tó ṣẹ́rí padà, Atọ́nà ló dojú kọ. Onígbàjámọ̀ pè é títí, kò kọbi ara sí i.

"Ẹ má bẹ̀rù," onígbàjámọ̀ wí, "eré ló fẹ́ bá a ṣe."

Atọ́nà ìbá sá, àmọ́ ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ wà lára ìjánu. Kò sá. Ó dúró, Kìnnìún sì fà á létí ya. Ọkọ ṣubú, ó ń fọwọ́ wá ajá rẹ̀ nínú ewé gbígbẹ, ó ń bèèrè pé kí ló ń ṣẹlẹ̀.

4. Etí jinná. Ọkàn ajá ò jinná. Bí wọ́n bá ti mú ìjánu wá, á dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, á máa gbọ̀n. Àwọn tó kọ́ ọ wá wò ó, wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, aránṣọ fẹ́ fi tipátipá fà á dìde.

"Fi í sílẹ̀," ọkọ rẹ̀ wí. "Ẹ̀rù tó ń bà á, ó ń ba èmi náà."

Ó jókòó tì í nílẹ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù.

Aránṣọ pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé torí ajá lẹ ṣe ń sunkún? Ẹ gba òmíràn."

Láti ìgbà náà ni onígbàjámọ̀ kò ti gbé ìpè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń mú ajá wọ igbó, okùn ò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín títí ẹ ó fi jáde. Bí ẹ bá rí ajá tó wọ ìjánu, ẹ fa tiyín mọ́ra, ẹ yà fún un. Ẹ má sì sọ pé eré ni. Ẹni tí ajá yín bá fò mọ́ ló máa sọ bóyá eré ni.

Ìwọ onígbàjámọ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́ á fi èyí hàn ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ ò bèèrè ajá lọ́wọ́ rẹ. Wá jókòó síwájú ọkọ rẹ̀, kí o fẹnu ara rẹ sọ irú eré tó jẹ́ fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń retí rẹ. Dá a lóhùn.