Àkàrà Ènì Bàbá Ìlórí

Ojú dígí tó wà lára agbada ẹ̀rọ tí ìjọba gbé fún àwọn aláàkàrà ń wo ọwọ́ Ìyá Fadérera bó ṣe ń dín àkàrà.

"Ènì mi dà?" ni Bàbá Ìlórí, bíríkìlà, bi í. "Àbí agbada ti jẹ ẹ́ ni?"

Agbada ló dáhùn: "Olè jíjà ni ènì. Bí ẹ bá fi sí i, màá pa iná, ẹ ò sì ní tajà níbí mọ́."

Ìyá Fadérera yíjú sí agbada. Lọ́dún tí omíyalé gbé ìsọ̀ rẹ̀ lọ, bàbá yìí ló bá a tún un mọ láìgba kọ́bọ̀.

"Èmi lò ń pè lólè?"

Ó bu ẹ̀wà lílọ̀, ó fi lẹ ojú agbada náà pa. Iná kú.

"Ẹ gba ènì yín, Bàbá. Igi ni màá fi dáná lọ́la."