Fìn-ìn-ìn ni, Kì í Ṣe Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀

"Fìn-ìn-ìn ló ń wí!"

"Ẹ̀gbọ́n, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló ń wí. Ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn ti fẹ́ dẹnu kọlẹ̀."

Ayàwòrán ti dróònù rẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tó ń gbé kámẹ́rà fò, mọ́ etí àbúrò rẹ̀ tó ń tún rédíò ṣe ní ṣọ́ọ̀bù, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń yí bí ẹni fẹ́ fi fá a lórí. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe dróònù yìí ti jáwọ́ níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀yà rẹ̀ lọ́jà mọ́. Ike garawa ni wọ́n gé ṣe abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kan, okùn bàtà ló so ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun nìkan ni ayàwòrán sì fi ń jẹun.

"Ẹ jẹ́ n tú u wò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré."

"Etí ẹ ni kó o tú wò, bóyá ó ti jó! Ṣé mi ò mọ ohùn ọmọ mi ni?"

"Ọmọ yín ń sunkún, ẹ ní orin ló ń kọ."

Ayàwòrán pòṣé, ó tẹ bọ́tìnì. Dróònù gbéra, ó ga ju òrùlé lọ, ó dákẹ́ lójijì. Gbàgà! Ó fọ́ yángá sórí páànù ṣọ́ọ̀bù.

Ayàwòrán ṣa á sínú fìlà. Kámẹ́rà nìkan ló kù lódindi. Ojú rẹ̀ tún dán.

"Ó dáa! Gbogbo ẹ̀ wà nínú fídíò. Tí mo bá tan án, tó o gbọ́ fìn-ìn-ìn, wàá wá bẹ̀ mí!"

Ó yan lọ. Àbúrò rẹ̀ ò tiẹ̀ rán an létí pé kámẹ́rà yẹn ò gba ohùn rí láyé ẹ̀.