Àyẹ̀wò Ilé ní Ìdí Àrẹrẹ

Lọ́jọ́ tí kòkòrò irin tí ìjọba fi ń yẹ ilé wò bá fẹ́ wọ ògiri ní Ìdí Àrẹrẹ, ìta ni gbogbo ẹrù máa ń wà, torí ilé tí iná pupa wọn bá tàn fún pé ó fẹ́ wó, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ padà wọ̀ ọ́ mọ́. Màmá Ọmọ́tóyọ̀sí ti kó gbogbo nǹkan jáde, àfi ọkọ rẹ̀ tí kò lè rìn mọ́.

"Inú yàrá yìí ni wọ́n bí mi sí," ni bàbá wí. "Mi ò lọ síbì kankan."

Fadérera, ayẹléwò tí ìjọba rán wá, tú àwọn kòkòrò náà sí ibi tí ògiri ti sán. Wọ́n wọ́ wọlé bí ìjàlọ, wọ́n sì ń jáde padà, àmọ́ ọ̀kan ò jáde. Iná kankan ò tàn.

"Ṣé ilé ti bàjẹ́ nìyẹn, ọmọ mi?" ni màmá béèrè.

"Ẹ ní sùúrù, mà. Kòkòrò tó kù ṣì ń wo ìpìlẹ̀ ni."

Màmá fọwọ́ ti ògiri bí ẹni pé òun ló gbé e ró. Nígbà tó yá, kòkòrò náà yọrí, iná aláwọ̀ ewé sì tàn lórí rẹ̀.

"Sìmẹ́ńtì ojú rẹ̀ nìkan ló sán, mà," ni Fadérera wí tẹ̀ríntẹ̀rín. "Amọ̀ inú rẹ̀ le bí àpáta. Ẹ máa kó ẹrù yín wọlé."

Ẹ̀rín pa màmá, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó sáré wọlé lọ sọ fún ọkọ rẹ̀, ó bá a níbi tó ti ń hanrun.

"Ẹ kúkú máa sùn," ni màmá wí. Ó fi ẹrù sílẹ̀ níta, ó sì dùbúlẹ̀ tì í.