Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ Ọ̀gá Mofizul

"Ẹ dúró ná, ọ̀gá, lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn wọ́." Ìyá aránṣọ náà gba bébà mìíràn, ó tún orúkọ rẹ̀ kọ, ó yọ ahọ́n síta bí ọmọ iléèwé.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ń tẹ̀ka sí ìwé owó oṣù ní iléeṣẹ́ aṣọ yìí ní ìlú Gazipur, torí kò mọ̀wé. Láàárín oṣù mẹ́ta, ọ̀gá wọn, Mofizul, ti kọ́ gbogbo àwọn ìyá àgbà inú àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn oníbàárà òkè òkun tiẹ̀ ya fọ́tò wọn.

"Ìyá, ẹ ti dọ̀mọ̀wé!" Mofizul fẹ́ atẹ́gùn sí yíǹkì náà kó lè gbẹ.

"Kí ni wọ́n kọ sókè orúkọ mi?"

"Ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ ni. Ẹ̀kọ́ ìwé kíkà di ọdún tó ń bọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì dí i lọ́nà, ó ka bébà náà sí i létí: "Èmi fúnra mi ni mo fiṣẹ́ sílẹ̀. N kò béèrè owó ìfẹ̀yìntì kankan."

"Irọ́ ńlá! Èmi kọ́!"

"Tó bá jẹ́ pé ẹ tẹ̀ka ni, ẹ lè sọ pé wọ́n fipá di ọwọ́ yín mú ni. Àmọ́ ta ló kọ eléyìí?"

Obìnrin náà wo bébà náà. Lẹ́tà àkọ́kọ́ dúró ṣánṣán.