Máàpù Tí Ládòkun Mú Bọ̀ Láti Ìbàdàn

Ládòkun, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, kì í bá ẹni tí kò kàwé jiyàn. Ó ní ó sàn kí èèyàn bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀. Nínú ìlú rẹ̀ lẹ́yìn Ṣakí, òun nìkan ló ní ilé alájà méjì, ó sì máa ń fọ́nnu pé òun ò ra yanrìn kọ́ ọ: nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, yanrìn funfun ni wọ́n ń hú jáde. Ohun tó ń bí i nínú ni oko kajú Ìyá Ramlah, tó wà láàárín ilé náà àti odò Ẹlẹ́ja.

"Odò ni ààlà," ló wí láàfin. "Ìhín ni tiwa, ọ̀hún ni tiwọn. Kí ìyá yìí sọdá."

Ìyá Ramlah ní bàbá ọkọ òun ló gbin kajú náà, òun ò sì ní oúnjẹ mìíràn láyé. Ládòkun wo sílípáàsì ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa, ó yínmú.

"Ṣé bàbá ọkọ ló ń jẹ́ ìwé ẹ̀rí?"

Ó tú máàpù kan tí òyìnbó awọnlẹ̀ yà lọ́dún 1927. Òkè, kòtò, igbó àti odò ló wà níbẹ̀, orúkọ ìdílé rẹ̀ lápá kan odò, ti Ìyá Ramlah lápá kejì. Ó ka orúkọ tirẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ká máàpù náà padà.

"Odò inú ìwé yẹn ni ààlà, àbí?" ni Ìyá Ramlah béèrè.

"Ẹ gbọ́ ìbéèrè òpè! Odò mìíràn wà ni?"

Gbogbo ààfin bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ramlah ní kí àwọn búra sí i nígbà náà. Lójú lẹ́mọ́mù, àwọn méjèèjì fọwọ́ lé Kùránì pé ibi tí odò inú máàpù bá gbà làwọn máa gbà. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, Ìyá Ramlah tẹ̀ka sí i. Ládòkun nu gègé kí ó tó fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ kejì, Samsudeen, awọnlẹ̀ tí ọba pè láti Ìsẹ́yìn, tẹ́ máàpù náà sílẹ̀, ó fi ẹ̀rọ wọn ilẹ̀ títí. Ládòkun ti ní kí wọ́n gbé àdá wá síbi kajú.

Samsudeen kẹ̀yìn sí odò, ó rìn kọjá ilé alájà méjì náà, ó kan èèkàn mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ṣáláńgá Ládòkun, ó ní, "Ibí ni odò ń gbà lọ́dún 1927 kí ó tó yà lọ sọ́hùn-ún, bàbá, ilẹ̀ Ìyá Ramlah lẹ kọ́lé sí."