Ọ̀nà tí Òkété Dí

Àlọ́ mi rú tùù bí èéfín, ó balẹ̀ sẹ́nu ihò Òkété, ẹni tí ẹ̀rù òtútù ń bà ju ikú lọ.

Ọ̀nà kan wà lábẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ihò rẹ̀ tó já sí ihò Ẹmọ́, aládùúgbò rẹ̀. Láràárọ̀ ni Ẹmọ́ ń gba ibẹ̀ kọrin kí i:

Òkété o, ṣé o jí?
Rìnrìn jàn o.
Bí o bá jí, dá mi lóhùn.
Rìnrìn jàn o.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, Òkété ní: "Ọ̀nà ìkíni yìí ni òtútù ń gbà wọlé." Ó fi amọ̀ dí i pa. Ẹmọ́ kọrin títí; Òkété gbọ́, ó dákẹ́.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ọdẹ dáná sẹ́nu ihò Òkété, wọ́n ń fẹ́ èéfín sí i. Òkété sá lọ sẹ́yìn, ó ń fi èékánná ha amọ̀, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti mú un gbẹ, ó le bí òkúta. Ó fẹ́ kọrin, ikọ́ ò jẹ́. Ó wá gbọ́ ohùn Ẹmọ́ lódì kejì:

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ ká sá lọ. Bí Òkété bá ṣì ń gbé ibẹ̀ ni, à bá gbẹ́ ọ̀nà fún un."

Ibẹ̀ ni mo fi í sí. Ẹ̀yin tí wọ́n ń kí láràárọ̀, ẹ máa dáhùn o.