Ògiri tí Sherifdeen Fọwọ́ Yà

Ọkùnrin kan wà ní Peckham, ní London, tí wọ́n ń pè ní Sherifdeen. Kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe ọ̀mùtí. Ó ń kírun, ó ń kí àgbà, ó sì ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Rye Lane. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò lè gbà láéláé pé òun ṣe àṣìṣe. Bó bá ti sọ pé báyìí ni nǹkan rí, ó parí, kódà bí ojú ara rẹ̀ bá rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó gbà á lọ́kàn ni àwọn ìlú tí àwọn ará Máyà àtijọ́ kọ́ ní Guatemala ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí igbó ti bò mọ́lẹ̀. Ó gbàgbọ́ pé bí ìràwọ̀ ṣe tò lójú ọ̀run ni wọ́n ṣe to ìlú wọn sórí ilẹ̀. Ó gbé àwòrán ìràwọ̀ lé orí máàpù. Ìràwọ̀ mẹ́jọ bọ́ sórí ìlú tí gbogbo ayé mọ̀, ṣùgbọ́n ìkẹsàn-án bọ́ sáàárín igbó. Sherifdeen ní dandan ni kí ìlú kan wà níbẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló fi wo àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òkè, kò rí nǹkan kan àfi igi.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Yusrah, tó ń kọ́ nípa ilẹ̀ àti máàpù ní yunifásítì, jókòó tì í lọ́sàn-án Sunday kan.

"Brother mi, igbó lásán ni," ó wí. "Ìràwọ̀ pọ̀ lọ́run. Ẹ fún mi láàyè, màá mú ìràwọ̀ bá Peckham àti Deptford gan-an mu fún yín."

"Kí lo mọ̀?" Sherifdeen dá a lóhùn.

Bí Yusrah ṣe lọ tán, ó ṣí àwòrán náà lórí kọ̀ǹpútà, ó fi ìka fa ìlà mẹ́rin sáàárín igi. Ìka rẹ̀ yọ̀ ní igun kan, ìlà náà sì wọ́. Ó mú wọn dúdú díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi jọ òjìji ògiri. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò purọ́, pé ohun tó wà níbẹ̀ ni òun kàn jẹ́ kó hàn. Ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn èèyàn ti ń dá a dúró ní Rye Lane láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Vincent, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tó ń wa bọ́ọ̀sì, gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní òun máa lọ fojú ara òun rí i.

"Sherif, no long talk. Ṣé ògiri yẹn dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú bí orúkọ mi."

Sherifdeen fúnra rẹ̀ kò lọ. Ó ní wọn ò fún òun láàyè níbi iṣẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹfà, fóònù rẹ̀ dún ní ṣọ́ọ̀bù. Vincent ló ń pè láti inú igbó.

"Mo ti dé ibi tí o sọ, kò sí nǹkan kan. Ọkùnrin tó mú mi lọ́nà ti padà. Ó ní ẹyẹ kì í ké níbí, òun ò sì fẹ́ mọ ìdí. Òótọ́ ló sọ, Sherif. Ibí dákẹ́ jù. Ṣé kí n máa bọ̀?"

Ọ̀rọ̀ kan péré ni ìbá sọ: èmi ni mo fọwọ́ ya ògiri yẹn. Ó gbé e dé ẹnu, ó sì gbé e mì.

"Rìn síwájú díẹ̀ sí i," ó wí. "Apá àríwá."

Lọ́jọ́ kejì, Vincent tún pè. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, bí ẹni tó wà nínú yàrá.

"Mo ti rí i. Ògiri náà. Igun kan tiẹ̀ wọ́, bó ṣe wọ́ nínú àwòrán rẹ gẹ́lẹ́."

Sherifdeen dìde lórí àga.

"Ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ẹnu ọ̀nà kan wà. Ṣé kí n wọlé?"

Ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ tún ń dùn pé òun jàre Yusrah.

"Ya fọ́tò rẹ̀ kí o tó wọlé," ó wí.

Ó gbọ́ ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìpè náà kò já. Ó gbé fóònù sétí fún wákàtí kan gbáko, ó ń pe orúkọ Vincent, kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ fi wá a. Igi ni wọ́n bá níbẹ̀, àwọn igi tó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Kò sí ògiri kankan. Wọ́n rí bàtà Vincent méjèèjì tí wọ́n tò síra wọn dáadáa, bí ìgbà tí èèyàn bá bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ilé onílé.

Ìgbà yẹn ni Sherifdeen tó jẹ́wọ́. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Yusrah ò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ń gba òdìkejì títì kọjá.

Ṣùgbọ́n ìyá Vincent kò bá a jà rárá. Ní gbogbo Jímọ̀, bí Sherifdeen bá ti mọ́sálásí dé, á bá wọn tí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà fláàtì rẹ̀. "Ṣí i fún mi," ni wọ́n máa ń sọ. Á ṣí àwòrán náà, èyí tí kò sí ìlà kankan nínú rẹ̀, ìyá àgbà á sì fi ìka tọ́ka sáàárín igi.

"Ọmọ mi ti kúrò níbí. Ibí yìí ló wà ní Jímọ̀ tó kọjá."

"Mummy, àwòrán kan náà ni. Kò yí padà."

"Sherifù, o tún mọ ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn?"

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó dáadáa. Òun náà ti ń rí i báyìí, nǹkan kékeré kan tó funfun láàárín igi, bí ojú èèyàn tó ń wòkè.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ ká fi ti Sherifdeen kọ́gbọ́n. Wíwá ìlú tó sọnù kò burú, wíwo ìràwọ̀ kò burú. Ohun tó burú ni kí èèyàn mọ̀ pé òun kò mọ̀, kó sì fi ẹnu sọ pé òun mọ̀, kí ẹlòmíì wá fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ìtìjú ọjọ́ kan ni Sherifdeen sá fún, ẹ̀mí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sì fi san án. Bí a bá ti júwe ọ̀nà tí kò dá wa lójú fún ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ ká pè é padà nígbà tí ó ṣì ń gbọ́ ohùn wa.